Èròjà inú ewúro: kí ni 447 àti 285 ń sọ fún wa?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo já ewúro lẹ́yìnkùlé wa ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo sá a sábẹ́ òjìji, mo gún un, mo sì fi mẹ́táńọ́ọ̀lù fa èròjà rẹ̀ jáde. Èsì mass spectrometry (ọ̀nà tí a fi ń wọn bí èròjà ṣe wúwo tó), ní ipò negative (níbi tí èròjà ti máa ń pàdánù hydrogen kan), fi ìwọ̀n 447 hàn. Nígbà tí wọ́n fọ́ ọ, 285 ló jáde. Orúkọ wo ni kí n pè é?

Ọmọ Adó:
Ẹ kú làálàá. Ẹ yọ 285 kúrò nínú 447, 162 ni yóò kù, èyí tó jẹ́ ìwọ̀n ṣúgà bíi glucose lẹ́yìn tí omi ti kúrò lára rẹ̀. 285 bá luteolin, èròjà ewéko kan, mu, wọ́n sì ti rí luteolin àti èyí tí glucose so mọ́ nínú ewúro tẹ́lẹ̀.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ orúkọ sílẹ̀. Kaempferol, èròjà ewéko mìíràn, náà ń fúnni ní 285, nítorí iye átọ́ọ̀mù kan náà, C15H10O6, ni àwọn méjèèjì ní, bẹ́ẹ̀ ni galactose, ṣúgà mìíràn, náà ń fi 162 sílẹ̀ bíi glucose. Ẹ gbé ògidì luteolin tí glucose wà lára rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ kan náà, kí ẹ wò ó bóyá àkókò tí wọ́n jáde àti àfọ́kù wọn dọ́gba. NMR, ọ̀nà tó ń fi bí àwọn átọ́ọ̀mù ṣe so mọ́ra hàn, ni yóò wá sọ ibi tí ṣúgà náà so mọ́ gan-an.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀. N óò wá ògidì náà kí n tó kọ ohunkóhun.