Ẹ gbà mí o: ọmọ kò lè kà kọjá 29, compo (ìdánwò ilé ìwé) di Ajé

Ìyá Àdùkẹ́, Kétu: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ CI (kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) ni, Faransé ló fi ń kà. Tó bá ti ka 29, «vingt-dix» (ogún-mẹ́wàá) ló máa pè tẹ̀ lé e. Kí ni mo lè kó fún un lọ́wọ́ tá a fi máa kà dé 100? Kó má jẹ́ ohun tí mo máa wá rà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) o.

Olùkọ́ CP (kíláàsì kejì): Ìgbálẹ̀ ni. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ rẹ̀ 100, kó gùn tó ìka àárín. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó máa fi rọ́bà dì í ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Tẹ́ ẹ bá ti bá a dì í sílẹ̀, nǹkan kan ṣoṣo ló máa rí, kì í ṣe mẹ́wàá. Ní 29, ìdì méjì àti ẹyọ mẹ́sàn-án ló wà nílẹ̀. Ẹ pa á lẹ́nu mọ́ níbẹ̀. Kó fi ẹyọ kan kún un, kó dì í, kó ka ìdì mẹ́ta, kó tó pe «trente» (ọgbọ̀n). Ẹnu ló ń sáré ju ọwọ́ lọ ní 29, 39, 49.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ̀wà yá jù. Ife mẹ́wàá, ẹyọ mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Ìbejì, Ouando: Ẹ̀WÀ KỌ́! Ọmọ kan ládùúgbò wa ti ẹ̀wà bọ imú nílé ìwé. Ó gba omi, ó wú. Wọ́n fi ìka wá a, ó tún wọlé sí i. Ọsibítù ni wọ́n ti yọ ọ́.

Bàbá Ṣábẹ̀ẹ́: Àgbàdo ńkọ́?

Ìyá Ìbejì, Ouando: Òun náà ń wú!

Ọmọ Pọ́bẹ̀: Ọmọ CI ti dàgbà ju kó máa ki nǹkan bọmú lọ.

Ìyá Ìbejì, Ouando: Àbúrò rẹ̀ tó ń rá kòrò ńkọ́?

Dẹ̀bọ̀: Ìdérí ìgò kì í wọ imú. Ẹ fi òòlù lu etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má gé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ gé páálí ẹyin oníhò 30 sí mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà méjì, ihò márùn-ún-márùn-ún, kí ọmọ máa fi ìdérí kọ̀ọ̀kan sí ihò kọ̀ọ̀kan. Páálí mẹ́rin tó 100, á tún ṣẹ́ kù. Ihò tó ṣófo ló máa jẹ́ kó rí i pé 8 ku 2 kó pé 10. Ìgbálẹ̀ ò lè fi ìyẹn hàn án.

Ọmọ Pọ́bẹ̀: Mo mọ maître de maison (olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọmọ nílé) kan tó dáa. Ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

Àgbà Kétu: Kí lẹ ń di mẹ́wàá sí? Ogún-ogún là ń kà. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. «Quatre-vingts» (ọgọ́rin) tàwọn Faransé náà, ṣé kì í ṣe ogún mẹ́rin ni?

Olùkọ́ CP: Òótọ́ ni, Bàbá. 70 ló ń da ọmọ rú. Àwa ń yọ mẹ́wàá nínú ọgọ́rin, Faransé ń fi mẹ́wàá kún ọgọ́ta: «soixante-dix». Ohun tí ọmọ gbọ́ ló ń kọ: 60, 10, ló bá di 6010. Ẹ fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀: ìdì lápá òsì, ẹyọ lápá ọ̀tún, ẹyọ ò sì gbọdọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ. Tó bá mọ́ ọn lọ́wọ́, kó wá so ìdì méjì-méjì pọ̀ kó rí ogún mẹ́rin yín.

Ìyá Àdùkẹ́, Kétu: Ẹ ṣeun gan-an. Ìgbálẹ̀ wa ti kú, a kì í sì í jẹ ẹyin tó bẹ́ẹ̀. Ayò wà nílé, ọmọ rẹ̀ jẹ́ 48. Màá yá 48 míì, màá fi òkúta mẹ́rin kún un.

Ìyá Ìbejì, Ouando: Ọmọ ayò náà ń wọ imú o!