Ojúlówó ni ọjà mi, síbẹ̀ lọ́yà kọ̀wé sí mi: ta ni mo lè bá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà?

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pé ọdún 6 tí mo ti ń kó kòkó mímu inú agolo wọlé láti Èkó sí ṣọ́ọ̀bù mi níbí. Kì í ṣe ayédèrú rárá: ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é ní Nàìjíríà gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni orúkọ náà, mo sì ní rìsíìtì gbogbo ìgbà tí mo rà á. Àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ ti ibí, wọ́n ní kò ní òórùn tí àwọn mọ̀ láti kékeré.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni lẹ́tà lọ́yà dé, ojú ewé 4, tí wọ́n ní mo ń rú òfin àmì-ìdánimọ̀ ọjà. Wọ́n fún mi ní ọjọ́ 14 kí n buwọ́ lu ìwé pé n kò ní tà á mọ́, kí n kó èyí tó kù fún wọn, kí n dárúkọ ẹni tó ń tà á fún mi, kí n sì san owó lọ́yà wọn. Báwo ni ojúlówó ọjà tí mo fowó mi rà ṣe wá di ẹ̀ṣẹ̀? Ẹnìkan ní kí n lọ bá aṣojú àmì ọjà, ìyẹn ẹni tó ń bá èèyàn forúkọ àmì ọjà sílẹ̀ tó sì ń gbani nímọ̀ràn lórí rẹ̀, dípò lọ́yà, pé owó tirẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá sọ gbogbo òótọ́ inú mi fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé wọn kò ní pè é wá jẹ́rìí mọ́ mi?

Àbúrò, Manchester

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Ohun tí èèyàn bá fowó ara rẹ̀ rà, òun ló ni ín. Ẹ kọ̀wé padà pé ojúlówó ni, kí ẹ sì fi gbogbo rìsíìtì yín ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n lè rí i pé kò sí màgòmágó níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Croydon

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi rìsíìtì kankan ránṣẹ́ ná. Mo ṣe akọ̀wé fún ọdún 11 ní ọ́fíìsì àwọn aṣojú àmì ọjà ní ìlú yìí. Èmi fúnra mi kì í ṣe aṣojú, nítorí náà ẹ gba ohun tí mo fẹ́ sọ bí àlàyé lásán, kì í ṣe ìmọ̀ràn òfin.

Òfin Àmì Ọjà ti Britain, ti ọdún 1994, sọ ní abala 12 pé bí ẹni tó ni àmì, tàbí ẹni tó fún láṣẹ, bá ti fúnra rẹ̀ gbé ọjà kan sí títà ní Britain tàbí ní agbègbè ọrọ̀ ajé Yúróòpù, kò tún lè máa fi àmì yẹn dí ẹni tó bá fẹ́ tún ọjà náà tà lọ́wọ́, àyàfi bí ó bá ní ìdí pàtàkì, bíi pé wọ́n ti ba ọjà náà jẹ́. Ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Agolo tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Paris, ẹ lè tún un tà ní Peckham. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Ìdúmọ̀tà, ẹ kò lè tà á níbí láìgba àṣẹ, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì. Ní ọ́fíìsì wa, ojúlówó tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé ni a máa ń pe irú rẹ̀, láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ayédèrú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílé ẹjọ́. Ní ọdún 1995, ilé iṣẹ́ Silhouette ti ilẹ̀ Austria, tó ń ṣe férémù awò ojú, ta férémù 21,000 tí àsìkò wọn ti kọjá fún ilé iṣẹ́ kan ní Bulgaria, nígbà tí Bulgaria kò tíì wọ Ẹgbẹ́ Yúróòpù. Àwọn férémù náà yí padà sí Austria, wọ́n sì bọ́ sí ìsọ̀ Hartlauer, tó ń tajà ní ẹ̀dínwó. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá a ní 1998 pé títà tí wọ́n tà á sí òde agbègbè náà kò gba ẹ̀tọ́ Silhouette lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2001, wọ́n tún gbọ́ ẹjọ́ Levi Strauss pẹ̀lú Tesco, lórí ṣòkòtò jíìnsì tí Tesco rí rà lókè òkun ní owó pọ́ọ́kú. Tesco ní ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sára ṣòkòtò pé ẹ má gbé e lọ sí Yúróòpù. Ilé ẹjọ́ ní dídákẹ́ oní-àmì kì í ṣe àṣẹ, ẹni tó kó ọjà wọlé ló gbọ́dọ̀ fi àṣẹ náà hàn. Nítorí náà, rìsíìtì Ìdúmọ̀tà tí àbúrò wa ní kí ẹ fi ránṣẹ́, ohun tí yóò fi hàn ni pé òde Yúróòpù ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta ọjà yín. Ẹjọ́ tiwọn ni ẹ óò bá wọn rò.

Ẹ má sì rò pé owó nìkan ló wà níbẹ̀. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Britain sọ pé ìjìyà ọ̀daràn tó wà ní abala 92, tó lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún 10, kò mọ sórí ayédèrú nìkan. Ó lè kan ẹni tó ń ta ọjà tí oní-àmì fọwọ́ sí ṣíṣe rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ sí títà rẹ̀. N kò sọ pé ọ̀rọ̀ yín dé ibẹ̀ o. Mo ń sọ ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ ṣọ́ ohun tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ni.

Ìbéèrè yín kejì ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ní Britain, ẹnikẹ́ni ló lè bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà, kódà ọmọ yín tó mọ kọ̀ǹpútà lò. Ṣùgbọ́n abala 87 òfin 1994 yẹn ní, bí ẹni náà bá jẹ́ aṣojú tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn aṣojú, ohun tí ẹ bá bá a sọ nípa ìdáàbòbò àmì ọjà tàbí ìrísí ọjà, tàbí nípa ẹ̀sùn pé ẹ ń gbé ọjà yín kalẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni, ní ààbò bí ẹni pé lọ́yà ni ẹ sọ ọ́ fún. Alátakò kò lè ní kí ilé ẹjọ́ fipá gbà á wò. Àjọ IPReg ló ń tọ́jú ìwé náà, ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá orúkọ aṣojú yín níbẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, tí kì í sì ṣe lọ́yà, ọ̀rẹ́ lásán ni níwájú òfin, bó ti wù kí ọ́fíìsì rẹ̀ tutù tó.

Ààbò yẹn ní ibi tó mọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ya sí owó ibodè tàbí òfin àkọlé ara oúnjẹ, abala 87 kò bá yín dé ibẹ̀. Lọ́yà ni kí ẹ gbé ìyẹn lọ bá. Ẹ má sọ ọ́ fún aṣírò-owó yín pẹ̀lú ìrètí pé yóò di àṣírí, nítorí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ ní 2013, nínú ẹjọ́ Prudential, láti na irú ààbò bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣírò-owó. Rìsíìtì tó ti wà kí ìjà tó dé kò sì di àṣírí nítorí pé ẹ gbé e lé aṣojú lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò gbọdọ̀ ya á tàbí pa á rẹ́. Ìmọ̀ràn tí ẹ béèrè àti èyí tí wọ́n fún yín ni òfin ń bò.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ o. Mo ti dá wọn lóhùn. Alẹ́ ọjọ́ tí lẹ́tà dé, mo wà nínú bọ́ọ̀sì 36, inú ń bí mi, mo fi fóònù tẹ ìlà méjì ránṣẹ́ pé ojúlówó ni, pé ọ̀dọ̀ àbúrò ọkọ mi ní Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń kó páálí 60 ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta láti ọdún 6.

Ẹ̀gbọ́n Croydon

Ìlà méjì yẹn ti sọ ibi tí ọjà ti ń wá, iye rẹ̀ àti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọn ì bá fi oṣù mélòó kan wá. Ẹ má tún kọ ohunkóhun mọ́. Ẹ wá aṣojú lọ́la, kí ó fi orúkọ tirẹ̀ bẹ̀ wọ́n fún àfikún ọjọ́. Ìlà méjì yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn án, má ṣe jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu alátakò.

Àbúrò, Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ foríjì mí. Ìmọ̀ràn tí mo fún yín ì bá tún bà á jẹ́ sí i.

Bàbá Ọmọ́tọ́lá, Toronto

Kí àwọn tó wà ní Kánádà má fi òfin Britain ṣe tiwọn. Níbí, ẹjọ́ aago Seiko ti ọdún 1984 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ilé ìtajà kan ń ta ojúlówó aago Seiko tí kò gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí Seiko fún láṣẹ láti máa tà á ní Kánádà wá, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì kọ̀ láti dá títà náà dúró, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tan oníbàárà jẹ pé Seiko ló dúró fún aago náà. Ìyẹn kò sọ pé gbogbo ọjà ẹ̀yìnkùlé ló bọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ibí kò tì tó ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ti àṣírí, ó pẹ́ kí òfin ibí tó fi ààbò bo ọ̀rọ̀ àárín aṣojú àmì ọjà àti oníbàárà rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni abala 51.13 tó fún un ní ààbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣojú tó ní ìwé àṣẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston

Ní Amẹ́ríkà, lọ́yà ni ẹ óò bá. Kò sí ipò aṣojú bí ti Britain. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ẹni tí ibùgbé rẹ̀ kò sí ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ lè forúkọ àmì sílẹ̀ níbí láìgba lọ́yà tó ní àṣẹ níbí. Ní ti ọjà, ìyàtọ̀ ara ọjà ni wọ́n ń wò. Ní 1993, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan ní Washington gbọ́ ẹjọ́ ọṣẹ Shield àti ọṣẹ olómi Sunlight tí wọ́n ń kó wọlé láti Britain. Ilé iṣẹ́ tó bá ti Amẹ́ríkà tan ló ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n èròjà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, wọ́n ti po Sunlight ti Britain fún omi tó le ju ti ibí lọ. Ilé ẹjọ́ ní kí aṣọ́bodè má jẹ́ kí wọ́n wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òfin ibodè tó gba irú ọjà bẹ́ẹ̀ láàyè bí ìwé tó hàn gbangba bá wà lára rẹ̀ pé oní-àmì Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí kíkó rẹ̀ wọlé, àti pé ó yàtọ̀ sí tirẹ̀. Kòkó Ìyá Ìbejì, tí adùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òyìnbó, ì bá bọ́ sábẹ́ èyí níbí.

Màmá Aláńkárá, Birmingham

Tèmi kì í ṣe lọ́yà, ibodè ni. Wọ́n dá bọ́ńdù aṣọ 20 dúró pé wọ́n fura pé ayédèrú ni. Mo wà nílé fún ìsìnkú ìyá mi, lẹ́tà náà wà lórí ẹní ẹnu ọ̀nà títí mo fi dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní aṣọ ti jóná. Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan o.

Ẹ̀gbọ́n Croydon

Ẹ kú àṣèyìndè, màmá. Dídákẹ́ yín ni wọ́n kà sí ìfọwọ́sí. Ọjọ́ iṣẹ́ 10 ni ìlànà náà fún ẹni tó ni ẹrù láti kọ̀wé pé òun kò gbà kí wọ́n ba á jẹ́, ọjọ́ 3 sì ni fún ohun tó lè bàjẹ́. Bí ẹ bá kọ̀wé pé ẹ kò gbà, oní-àmì ló kù fún láti gbé yín lọ sí ilé ẹjọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn yóò tú ẹrù sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn-àjò, tí ẹrù rẹ̀ sì wà lójú omi, kí ó fi ẹni tó lè ṣí lẹ́tà sílẹ̀ nílé. Ẹ sì kíyè sí i pé ayédèrú ni ìlànà ibodè yẹn wà fún, kò kan ojúlówó tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ lẹ́tà lọ́yà ni Ìyá Ìbejì rí, tí aṣọ́bodè kò sì dá agolo rẹ̀ dúró.

Alákòóso

Ìyá Ìbejì, mo ti yọ àwòrán lẹ́tà tí aṣojú yín kọ sí yín, tí ẹ gbé síbí láàárọ̀ yìí kí ẹ lè dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n Croydon. Ó lo ìṣẹ́jú 7 níbí. Èèyàn 412 ló wà nínú ẹgbẹ́ yìí, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tó ń bá àwọn tó kọ̀wé sí yín ṣiṣẹ́ láàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n Croydon

Alákòóso, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ ni àṣírí yẹn, Ìyá Ìbejì, kì í ṣe aṣojú, ẹ̀yin náà lẹ sì lè tú u. Ẹ pe aṣojú yín nísinsìnyí, kí ẹ sọ aago tí ó wọlé síbí àti aago tí ó kúrò. Ẹ má sì fi í ránṣẹ́ sí Ìdúmọ̀tà pẹ̀lú.

Ìyá Ìbejì, Peckham *(oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà)*

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ náà ti yanjú. Ìgbà tí mo fi ìlà méjì inú bọ́ọ̀sì yẹn han aṣojú, ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un kà, ó wá béèrè bóyá mo fẹ́ tíì. Mo ti mọ̀ níbẹ̀ pé mo ti ṣe nǹkan. Ìwé tí wọ́n ní kí n buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni mo buwọ́ lù níkẹyìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè nínú àpótí mi bóyá mo dárúkọ àbúrò ọkọ mi, àti iye tí mo san, ẹ jọ̀ọ́, ó wà nínú àdéhùn wa pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́. Kòkó ti Nàìjíríà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Oníṣòwò kan tó ní ìwé àṣẹ láti máa kó o wá sí Britain ni mo ti ń rà á báyìí, agolo kan sì ti gbówó lórí díẹ̀. Àwọn oníbàárà ń kùn, wọ́n sì ń rà á.