Ọ̀bẹ fífúyẹ́ tí kì í ká: èwo ni kí n mú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oko kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń ṣe lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Mo ń wá ọ̀bẹ kékeré tí n ó máa fi kọ́ ìgbànú lójoojúmọ́, tí kò ní wúwo, tí ojú rẹ̀ kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Mi ò fẹ́ èyí tó ń ká mọ́. Erùpẹ̀ àti oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ba ibi tí ọ̀bẹ tèmi ti ń ká jẹ́, ó sì ká lé mi níka lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọgbẹ́ náà kò tíì jiná.

Ẹnì kan ní kí n ra Morakniv, ọ̀bẹ ìlú Mora ní Sweden. Oríṣi kan rọrùn láti pọ́n ṣùgbọ́n ó ń tètè dógùn-ún. Èkejì kì í tètè dógùn-ún. Lójú tèmi, ti àkọ́kọ́ kò bá òjò ibí mu, àfi téèyàn bá ń fi epo pa á lálaalẹ́.

Àbí kí n kúkú mú àjákù sípíríńgì mọ́tò lọ bá alágbẹ̀dẹ? Ìyẹn ló wù mí jù, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wọn sábà máa ń nípọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ sọ fún un tó fi fúyẹ́? Àkọ̀ ńkọ́, ṣé awọ ni àbí rọ́bà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.