Ṣé ọjọ́ orí ló ń lé oorun lójú mi, àbí ìrìnàjò ìsinmi?

Àgbà Arìnrìnàjò béèrè:

Mo kí gbogbo ilé o. Mo ti lé díẹ̀ ní ẹni 70 ọdún, ara mi sì le, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oorun ti di ohun tí mo ń rò jù. Nílé, mo máa ń sùn kí aago 9 alẹ́ tó lù, ojú mi a sì là ní nǹkan bí aago 4 ìdájí láìsí pé ẹnikẹ́ni jí mi. Ìyẹn kò dùn mí, mo ti gbà á bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dà mí láàmú ni ti àkókò ìsinmi, nígbà tí àwọn ọmọ bá ní kí n wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ní ìhà ìlà-oòrùn, níbi tí aago wọn ti fi wákàtí 6 ṣáájú tiwa.

Nígbà tí mo wà lẹ́ni 40 ọdún, mo lè sùn lórí ìjókòó bàálù títí wọn yóò fi ní kí a de bẹ́líìtì, kí n sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì bí ẹni tí kò rìnnà rárá. Ní báyìí, oorun a máa kùn mí láti òwúrọ̀ títí ọ̀sán yóò fi pọ́n, lójú gbogbo ẹbí tó jókòó yí mi ká tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn mi, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ojú mi a dá ṣáká. Lóru ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ mi bá mi ní ilé ìdáná ní aago 2, níbi tí mo ti ń to ṣíbí wọn láti orí ńlá dé orí kékeré, ó sì bi mí bóyá ilẹ̀ ti mọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ṣé bí ara àgbà ti ń rí náà nìyí, tí kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i? Àbí kí n kúkú sọ fún wọn pé àwọn ni kí wọ́n máa wá bá mi? Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó dárúkọ oògùn, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì fèsì:

Ẹ kú àìsùn, bàbá. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ti ilé kúrò nínú ẹjọ́ yìí, nítorí láti aago 9 sí aago 4 jẹ́ wákàtí 7, bẹ́ẹ̀ wákàtí 7 sí 8 ni àwọn onímọ̀ oorun ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65. Kò sí ohun tó ṣe yín nílé.

Nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà tí ń ṣe aago fún gbogbo ara, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì ń tún un tò lójoojúmọ́. (Ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn lọ́dún 2017 bọ́ sọ́wọ́ Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young nítorí iṣẹ́ wọn lórí bí irú aago yìí ti ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀lẹ ló ń ṣe yín.) Bí ọjọ́ orí ti ń gòkè, aago náà máa ń yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń tètè sùn tó sì ń tètè jí, oorun àsùnwọra ń dín kù, ohun díẹ̀ báyìí sì ti tó láti jí ènìyàn. Awò inú ẹyinjú pẹ̀lú ń pọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí aago náà nílò wọlé tó bó ṣe ń wọlé nígbà èwe.

Nísinsìnyí ẹ wá gbé irú ara bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn. Aago ti ọ̀pọ̀ ènìyàn gùn ju wákàtí 24 lọ díẹ̀, nítorí náà ó rọrùn fún un láti fa ọjọ́ gùn ju kí ó gé e kúrú lọ, lílọ sí ìlà-oòrùn sì ń béèrè pé kí ó gé e kúrú. Tí ẹ bá jí ní aago 7 òwúrọ̀ ọ̀dọ̀ wọn, aago 1 òru ló ṣì jẹ́ nínú ara yín, ìmọ́lẹ̀ líle ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ sì lè ti aago yín síbi tí ẹ kò fẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ lo gíláàsì dúdú tàbí kí ẹ fa kọ́tìnnì títí di nǹkan bí aago 10, lẹ́yìn náà kí ẹ jáde síta kí ẹ sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wákàtí ìjáde yẹn máa yá díẹ̀díẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ara sábà máa ń gba bí ọjọ́ kan fún wákàtí ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ìyá Àgbà fèsì:

Mo gba ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, àmọ́ aago nìkan kọ́. Èmi kì í kúrò níbi tí aago wa ti dọ́gba, síbẹ̀ n kì í rí oorun gidi sùn ní alẹ́ àkọ́kọ́ nílé ẹlòmíràn. Àwọn olùwádìí kan fi hàn lọ́dún 2016 pé bí ènìyàn bá sùn síbi tuntun, apá kan ọpọlọ rẹ̀ kì í sùn wọra bí èkejì ní alẹ́ àkọ́kọ́, bí ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ mú àpò ìrọ̀rí tiyín dání. Ẹ béèrè fún yàrá tó súnmọ́ ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ́ ọ̀nà rẹ̀ wò kí iná tó kú, nítorí ìtọ̀ òru kò mọ àlejò.

Ìtọ̀ yẹn gan-an ní ìdí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú bàálù látàárọ̀, omi ti rọ̀ sí yín lẹ́sẹ̀. Bí ẹ bá dùbúlẹ̀, á padà sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè ní ìrọ̀lẹ́, kí ó lè ṣe wàhálà rẹ̀ tán kí ẹ tó sùn.

Àwọn ọmọ wa náà jẹ̀bi díẹ̀. Ọjọ́ kejì tí a dé ni wọ́n máa ń fi àlejò àti ìjáde dí. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ lófo.

Ọmọ Ìgbà fèsì:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Ṣé bàbá kò kàn lè ra oògùn tó ń mú oorun wá, irú èyí tí a ń rà láìgba ìwé dókítà, kí wọ́n lò ó nínú bàálù, kí ọ̀rọ̀ parí?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì fèsì:

Rárá o, ọmọ mi. Púpọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ẹ̀yà oògùn ara híhún, wọ́n sì lè da iyè àgbà rú, kí wọ́n dènà ìtọ̀ tàbí kí wọ́n mú un ṣubú lóru. Ẹni tí oògùn bá tẹ̀ mọ́ ìjókòó kì í dìde na ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrìnàjò tó ju wákàtí 4 lọ ti ń fi ewu kún dídì ẹ̀jẹ̀ nínú iṣan ẹsẹ̀. Ọtí náà kò dára jù ú lọ: ó ń tètè gbé oorun wá, a sì tún máa gé e sí wẹ́wẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé wọ́n ti sọ fún yín rí pé ẹ máa ń hanrun tí èémí yín sì máa ń dá dúró? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ti ìrìnàjò kọ́ nìyẹn, ẹ lọ rí dókítà.

Àgbà Arìnrìnàjò fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé èémí mi ń dá dúró, mo sì béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi, ẹni tí kì í bo ohun kankan mọ́ mi lára. N óò rin ìrìnàjò náà. N óò sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta náà sílẹ̀, kí wọ́n má sì yọ mí lẹ́nu bí wọ́n bá bá mi ní ilé ìdáná lóru. Ó ku ọ̀kan: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú mi tọ̀, èyí tí mo ń lò ní aago 8 òwúrọ̀, aago ta ni kí n tẹ̀ lé?

Nọ́ọ̀sì Tó Ti Fẹ̀yìntì fèsì:

Ẹ má fi ti oògùn yẹn dá ara yín lóhùn, ẹ má sì gbà á lẹ́nu èmi náà. Aago 8 òwúrọ̀ yín ti di aago 2 ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn, ó sì lè jẹ́ pé ohun tó ń jí yín lóru kò ju ìyẹn lọ. Ẹ kọ gbogbo oògùn yín àti wákàtí wọn sórí ìwé kan, kí ẹ mú un tọ dókítà yín lọ kí ẹ tó gba tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó bá yín tò ó fún lílọ àti fún àbọ̀.