Ìròyìn ìkẹyìn lórí orúnkún tó ń dùn mí lórí kẹ̀kẹ́

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru yìí ni mo béèrè lọ́wọ́ yín ìdí tí iwájú orúnkún mi fi ń ro mí láti ìgbà tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárín ìlú. Ọ̀rọ̀ náà ti yanjú, ẹ ṣeun gan-an ni.

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ló wálẹ̀ jù, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ yín ti fura. Mo fara ti ògiri, mo gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, mo sì ń gbé ìjókòó náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi nà tán. Nígbà tí mo wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bó ṣe yẹ, orúnkún mi kàn tẹ̀ díẹ̀ ni. Bí mo ṣe gbé ìjókòó náà sókè tó kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé, ìrora náà ti lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ní kí n máa fi bíi mítà 1 jìnnà sí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gúnlẹ̀ sẹ́bàá títì, nítorí ẹnìkan ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ lójijì lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì kàn mí.

Lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti àbúrò mi gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi ìpàdé ẹbí wa kí oòrùn tó mú. Bàbá wa àgbà fi àtàǹpàkò tẹ táyà mi wò, wọ́n ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó, wọ́n sì fúnra wọn fi pọ́ǹpù fún un.