Gìgísẹ̀ tó ń dun àwọn ìyá ọlọ́jà: kí ni ká tún fi kún un?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn la ń wá fún àwọn ìyá tó ń dúró tajà látàárọ̀ dalẹ́ lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, níbí ní Iléṣà. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ láàárọ̀, gìgísẹ̀ á gún wọn bí ìṣó. Tí wọ́n bá rìn díẹ̀, á rọlẹ̀. Iṣan abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ro wọ́n níbi tó ti so mọ́ egungun gìgísẹ̀.

Ohun tí à ń kọ́ wọn rèé: kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà lé orúnkún kejì, kí wọ́n fa àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí iṣan náà á fi le bí ọṣán. Kí wọ́n ka ení dé ẹẹ́wàá, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹni tó bá ń dùn ún nígbà tí a bá fi ọwọ́ fún gìgísẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ilé ìwòsàn là ń darí rẹ̀ sí, torí egungun lè ti sán.

Bàtà gan-an ni ìṣòro wa. Sìlípáàsì pẹlẹbẹ tó ti jẹ lẹ́yìn ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á tún bọ́ ọ, wọ́n á dúró lórí sìmẹ́ńtì lásán. Ẹ jọ̀ọ́, fóòmù wo ni aránbàtà lè lẹ̀ mọ́ ọn tí kò ní tètè tẹ́? Àwọn tí kò rí ìtura lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ńkọ́? Abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n máa ń gún sí gìgísẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀rù sì ń bà wá, nítorí bí wọ́n bá ń gbà á léraléra, iṣan náà lè já.