"Disinterested" kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ sú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan tó ń ba lẹ́tà ilẹ̀ jẹ́ ní Ìkòròdú níbí ni "disinterested". Akọ̀wé fẹ́ sọ pé ilẹ̀ náà kò wu ẹ̀gbọ́n òun mọ́. Ohun tó wà lórí ìwé ni pé ẹ̀gbọ́n kò ní ìpín níbẹ̀. Lọ́yà apá kejì lè fi ìyẹn dè yín mọ́lẹ̀.

"Interest" ojú mẹ́ta ló ní: kí nǹkan wu èèyàn, èlé orí owó, àti ìpín ẹni nínú ohun ìní. Ti àkọ́kọ́ ló bí "uninterested": nǹkan náà kò wu onítọ̀hún. Ti ìkẹta ló bí "disinterested": ibi yòówù kí ẹjọ́ já sí, kò sí èrè tàbí àdánù fún un. Ìyìn ni! Awọnlẹ̀ tí ìdílé méjì jọ gbé wá wọn ààlà, "disinterested" ló yẹ kó jẹ́. Bó bá jẹ́ "uninterested", ìdí òkúta ààlà ni yóò sùn sí.

Ti ìwé ìhágún ("will") ló le jù. Òfin Èkó ní kí ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, jọ wà níbẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ìwé bá ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá há nǹkan fún ẹlẹ́rìí, tàbí fún ọkọ tàbí aya rẹ̀, ìwé lè dúró kí ogún tirẹ̀ bọ́. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà fi ń béèrè "disinterested witness": aládùúgbò tí kò jogún, tí kò sì fẹ́ ẹni tó jogún.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ fi "in" kọ́ wọn: "uninterested in the meeting", ṣùgbọ́n "a disinterested adviser". Ẹ má tìtorí ẹ̀ na ọmọ o. Ó ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ti ń da méjèèjì pọ̀, ìwé atúmọ̀ èdè sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdánwò àti kọ́ọ̀tù ni kò gba gbẹ̀rẹ́.

"Impartial" ńkọ́, ṣé ọ̀kan náà ni?

Rárá. Baálẹ̀ tó ń parí ìjà ọmọ ẹ̀ méjì lórí ilẹ̀ tiẹ̀ lè jẹ́ "impartial" bó bá gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, tí kò sì gbè sẹ́yìn ẹnì kan. Kò lè jẹ́ "disinterested" láé. Ilẹ̀ ẹ̀ ni.